Wanda Jackson: gìtá bàbá, abẹ́rẹ́ ìyá, ohùn ọmọ

Ní ọdún 1954, Hank Thompson, olórin tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, tan rédíò ní ìlú Oklahoma City ní Amẹ́ríkà, ó sì gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan. Ohùn náà wọ̀ ọ́ létí tó bẹ́ẹ̀ tó fi tẹ ilé-iṣẹ́ rédíò náà láago pé òun fẹ́ bá ọmọ tó ń kọrin náà sọ̀rọ̀. Ó bi í bóyá ó lè wá bá ẹgbẹ́ òun kọrin. Inú ọmọ náà dùn gan-an, àmọ́ ilé-ìwé girama ló ṣì wà. Èsì tó fọ̀ ni pé òun máa kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ màmá òun ná.

Ọmọ tó ní òun máa bi màmá òun yìí ni Wanda Jackson, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí ọbabìnrin orin rockabilly. Ẹ kíyè sí i pé ọbabìnrin ni mo kọ, n kò kọ ayaba. Ní èdè wa, ìyàwó ọba ni ayaba. Ipò ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Elvis Presley ni wọ́n ń pè ní ọba nínú orin rock and roll, ó sì tiẹ̀ fún Wanda ní òrùka nígbà kan, àmọ́ Wanda kò tipa ìyẹn gba oyè. Ohùn rẹ̀ ló fi gbà á, pẹ̀lú ìrànwọ́ bàbá tó ra gìtá, ìyá tó rán aṣọ, àti ọkọ tó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí ni àyà wọn máa ń já nígbà tí ọmọ wọn, pàápàá ọmọbìnrin, bá ní orin ni òun fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Òru ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ orin, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń jẹun, àárín àlejò ni wọ́n sì ń sùn. Òbí mìíràn á gbé gìtá pamọ́. Òmíràn á ní kí ọmọ máa lọ, kó má sì padà wá sọ fún òun bí nǹkan bá bàjẹ́. Ìdílé Jackson rí ọ̀nà kẹta, ó sì yẹ ká wo bí wọ́n ṣe tọ̀ ọ́.

Irú orin wo ni rockabilly?

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ di orúkọ yìí. Apá àkọ́kọ́ wá láti inú rock and roll. Apá kejì wá láti inú hillbilly, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú ńlá Amẹ́ríkà fi ń bú àwọn aláwọ̀ funfun tó ń gbé lórí òkè àti nínú oko, bí ìgbà tí ẹnì kan bá pe ẹnìkejì rẹ̀ ní ará oko. Ọ̀rọ̀ èébú ló di orúkọ orin, àwọn tí wọ́n fi ń bú sì gbà á, wọ́n ń fi yangàn.

Bí orúkọ náà ṣe jẹ́ àdàlù ni orin náà ṣe jẹ́ àdàlù. Orin country àwọn aláwọ̀ funfun ní gúúsù Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, pẹ̀lú gìtá àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fa ohùn. Blues àti rhythm and blues àwọn aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀, ìyẹn orin àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìlù rẹ̀ máa ń yára. Ẹni tó ń ta báàsì onígi ńlá kì í kàn fa okùn rẹ̀, ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mọ́ igi kó lè dún bí ìlù. Ní ìlú Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ní ilé-iṣẹ́ Sun tí Sam Phillips dá sílẹ̀, ni Elvis ti gba irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1954. Carl Perkins àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Lásìkò yẹn, òfin ṣì ya aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, nínú ọkọ̀, ní ilé-ìwé àti ní ilé oúnjẹ. Kí ọmọ aláwọ̀ funfun máa kọ orin tó dún bí orin aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nígbà náà.

Bàbá tó ra gìtá

Ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 1937 ni wọ́n bí Wanda ní Maud, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Oklahoma. Òun nìkan ni Tom àti Nellie Jackson bí. Tom fúnra rẹ̀ mọ orin í ṣe, àmọ́ owó ò sí nílẹ̀ láyé ìgbà náà, pàápàá ní Oklahoma, níbi tí ọ̀dá àti ìjì eruku ti lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Oklahoma ṣe ṣe, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú Bakersfield ní California, bóyá nǹkan á dẹrùn.

Wanda ò tíì ju ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ ra gìtá fún un. Kò rà á kó kàn gbé e sílẹ̀ fún ọmọ. Ó jókòó tì í, ó ń fi ibi tí ìka máa wà hàn án. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá bíi ti Bob Wills, Spade Cooley àti Tex Williams bá wá ṣeré, ó máa ń mú ọmọ rẹ̀ dání lọ wò wọ́n. Bí Wanda ṣe rí àwọn olórin lórí ìtàgé, tó rí aṣọ wọn tó ń dán, ló ti mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe láyé.

Ní ọdún 1948 wọ́n padà sí Oklahoma. Ní Oklahoma City, Wanda borí nínú ìdíje kan ní ilé-iṣẹ́ rédíò KLPR, wọ́n sì fún un ní ètò tirẹ̀ láti máa kọrin lórí afẹ́fẹ́. Orí ètò yìí ni Hank Thompson ti gbọ́ ọ. Ní ọdún 1954 kan náà, Wanda àti Billy Gray, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Thompson, jọ kọ You Can't Have My Love fún ilé-iṣẹ́ Decca. Orin náà dé ipò 8 nínú àtẹ orin country. Ọmọ tí kò tíì kúrò ní ilé-ìwé girama ti ní orin tó ń tà káàkiri Amẹ́ríkà.

Decca kọ́ ni Thompson kọ́kọ́ fẹ́ kó lọ. Capitol, ilé-iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́, ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé. Ken Nelson, ẹni tó ń bójú tó àwọn olórin níbẹ̀, ní àwo orin ọmọbìnrin kì í tà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a máa padà bá Ken Nelson.

Abẹ́rẹ́ ìyá

Láyé ìgbà náà, bí obìnrin bá máa kọ orin country, aṣọ àwọn darandaran ló máa ń wọ̀: yẹ̀rì tó fẹ̀, fìlà abetí ńlá àti bàtà tó gùn dé ojúgun. Wanda ò fẹ́ wọ̀ ọ́. Ó ya irú aṣọ tí òun fẹ́ sórí ìwé, Nellie ìyá rẹ̀ sì jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó rán an: aṣọ tó fún lára, tí okùn rẹ̀ tín-ín-rín ní èjìká, tí àwọn okùn wínníwínní sì rọ̀ mọ́ ara rẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí Wanda bá mira díẹ̀, gbogbo aṣọ náà á máa jó. Ó wọ bàtà gogoro sí i, ó sì fi yẹtí gígùn sí etí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó dé Grand Ole Opry ní Nashville, ìtàgé tí gbogbo olórin country ń lé láyé ìgbà náà, ó múra tán pẹ̀lú aṣọ tuntun tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ ṣètò. Ernest Tubb, àgbà olórin, ló sọ fún un pé kò lè jáde pẹ̀lú èjìká níhòòhò. Wanda ní láti gbé jákẹ́ẹ̀tì wọ̀ lé e. Ó kọrin náà, àmọ́ ó dùn ún wọra, ó sì pinnu pé òun ò ní tún padà síbẹ̀.

A lè jiyàn lórí aṣọ náà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyá mìíràn tó ń ka ìtàn yìí lè ní òun ò ní rán irú rẹ̀ fún ọmọ òun. Síbẹ̀, Wanda ò lọ ra aṣọ ní ìkọ̀kọ̀ kó wá lọ pààrọ̀ rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ àwọn àlejò. Orí tábìlì ilé wọn ni wọ́n ti gé e, ojú ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n.

Bàbá nídìí ọkọ̀, Elvis lórí ìtàgé

Wanda parí ilé-ìwé girama ní ọdún 1955. Bí ó ṣe parí rẹ̀ ni ìrìn-àjò orin bẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti máa bá a lọ. Tom ló ń wa ọkọ̀, òun ló ń gba owó, òun ló sì ń ṣọ́ ọmọ.

Ní oṣù keje ọdún náà, ní Cape Girardeau ní ìpínlẹ̀ Missouri, wọ́n fi Wanda àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọn ò tíì mọ̀ dáadáa sínú eré kan náà. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bọ́ sórí ìtàgé, igbe ta nínú gbọ̀ngàn tó bẹ́ẹ̀ tí Tom fi rò pé iná ló ń jó. Ó sáré jáde lọ wò ó. Nígbà tó padà dé, ó ní kí Wanda wá fi ojú ara rẹ̀ rí i: àwọn ọmọbìnrin ló ń pariwo nítorí Elvis Presley.

Wọ́n jọ rìn káàkiri fún eré ní ọdún 1955 àti lẹ́yìn rẹ̀. Elvis fún un ní òrùka rẹ̀ pé kó jẹ́ ọ̀rẹ́bìnrin òun, Wanda sì fi í sórí ẹ̀wọ̀n, ó gbé e kọ́rùn. Ọ̀rẹ́ náà ò dé ibi ìgbéyàwó. Ohun tó pẹ́ lára rẹ̀ ju òrùka lọ ni ìmọ̀ràn. Elvis sọ fún un pé kó gbìyànjú orin tuntun yìí. Wanda ní olórin country lásán ni òun. Elvis mú un lọ sí ilé wọn ní Memphis, ó ń fi àwọn àwo orin sí i létí, ó ń fi gìtá júwe bó ṣe lè yí orin padà. Tom náà gbà pẹ̀lú Elvis. Bí bàbá ṣe gbà á ni ọkàn ọmọ balẹ̀ láti dán an wò.

Ní ọdún 1956, Capitol gbà á sílé. Ta ló wá jókòó nídìí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀? Ken Nelson, ẹni tó ní àwo orin ọmọbìnrin kì í tà. Àwọn orin tó jáde lẹ́yìn náà, bíi I Gotta Know, Hot Dog! That Made Him Mad àti Fujiyama Mama, yàtọ̀ sí ohunkóhun tí ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun kọ rí. Ohùn rẹ̀ á ti máa rọra bọ̀, lójijì á há bí ìgbà tí ológbò bá bínú. Nítorí pé àwọn tó ń kọ orin sílẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ro ti obìnrin, òun fúnra rẹ̀ jókòó kọ díẹ̀, bíi Mean, Mean Man.

Akólòlò pe baba

Ká má purọ́, orin wọ̀nyí ò fi bẹ́ẹ̀ tà ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n jáde. I Gotta Know dé ipò 15 nínú àtẹ country, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ni àwọn onírédíò ò gbé sáfẹ́fẹ́. Ọmọbìnrin tó ń kọrin bí ẹni ń jà ò yé wọn.

Ibi tí wọn ò fọkàn sí ni ìròyìn ayọ̀ ti wá. Fujiyama Mama di orin àkọ́kọ́ nínú àtẹ orin ilẹ̀ Japan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dárúkọ Hiroshima àti Nagasaki, ìlú méjì tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí ní ọdún 1945. Ní ọdún 1959 Wanda lọ sí Japan, èrò sì pé bìbà láti rí i.

Ní ọdún 1958, ẹgbẹ́ tó ń bá a lu orin ni Poe Kats, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Big Al Downing, ti ń tẹ pianó. Nígbà tí onílé ìgbafẹ́ kan ní òun ò fẹ́ aláwọ̀ dúdú lórí ìtàgé òun, Wanda ní bí Al ò bá ní ṣeré, òun náà ò ní ṣe. Downing ló tẹ pianó nígbà tí wọ́n gba Let's Have a Party sílẹ̀ ní ọdún náà. Elvis ti kọ orin yìí ṣáájú. Capitol kàn fi ti Wanda sínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, wọn ò gbé e jáde lọ́tọ̀.

Ọdún méjì ni orin náà fi sùn síbẹ̀. Ní ọdún 1960, dì-jéè kan ní ìpínlẹ̀ Iowa bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣí ètò rẹ̀, àwọn olùgbọ́ sì ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè rà á. Capitol sáré gbé e jáde lọ́tọ̀. Ó dé ipò 37 nínú àtẹ orin gbogbogbòò ní Amẹ́ríkà. Bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba. Wanda sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Party Timers nítorí orin yìí, ó sì wà lára àwọn orin tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń béèrè títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Ọkọ, ọmọ àti ṣọ́ọ̀ṣì

Ní ọdún 1961, orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ, Right or Wrong, wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú àtẹ country. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ Wendell Goodman, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM. Goodman fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ tí bàbá ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe: ṣíṣe ètò ìrìn-àjò, gbígba owó, dídúró lẹ́yìn ìtàgé. Ní ayé tó jẹ́ pé ìyàwó ni wọ́n ń retí pé kó gbé iṣẹ́ jù sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọkọ ló gbé tirẹ̀ jù sílẹ̀ níbí.

Wọ́n bí ọmọ méjì. Wanda ń kọrin lọ, kódà ní èdè tí kò gbọ́. Ní ọdún 1965, Santo Domingo, tó kọ ní èdè Jámánì, gbajúmọ̀ púpọ̀ ní Jámánì. Àmọ́ ìgbésí ayé ojú ọ̀nà ò rọrùn fún tọkọtaya. Ọtí wà níbẹ̀, owú wà níbẹ̀, ilé sì fẹ́ tú. Ní ọdún 1971, àwọn ọmọ wọn ló ní àwọn fẹ́ kí bàbá àti ìyá wọn bá àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n lọ, wọ́n sì yí ìgbésí ayé wọn padà. Wanda ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìgbàgbọ́ yìí ló gba ìgbéyàwó òun là. Lẹ́yìn ìyẹn, orin ìyìn ló ń kọ jù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lọ́dún 1954, ọmọ ló ní òun máa bi màmá òun. Lọ́dún 1971, àwọn òbí ni wọ́n fetí sí ọmọ. Ilé tí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ tó sì ń bọ̀ báyìí, kì í tètè wó.

Ọjọ́ alẹ́

Nígbà tó fi di àárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ti ń wá àwọn orin rockabilly àtijọ́ kiri. Wọ́n ní kí Wanda wá, ó lọ, ó sì rí i pé àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí òun kọ orin wọ̀nyí ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Ní ọdún 1995, Rosie Flores, olórin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, pè é wá kọrin nínú àwo rẹ̀, wọ́n sì jọ rìn káàkiri Amẹ́ríkà. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún un ní àmì-ẹ̀yẹ National Heritage Fellowship ní ọdún 2005. Ní ọdún 2009, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí ilé ìrántí Rock and Roll Hall of Fame. Ní ọdún 2011, ó lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí òun àti Jack White gbé àwo The Party Ain't Over jáde.

Goodman kú ní ọdún 2017, lẹ́yìn ìgbéyàwó tó ju àádọ́ta ọdún lọ. Ọdún 2019 ni Wanda kéde pé òun ò ní gun ìtàgé mọ́, àmọ́ ó tún gbé àwo kan jáde ní ọdún 2021, Encore, pẹ̀lú ìrànwọ́ Joan Jett.

Ohun tí mo fẹ́ kí òbí mú nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀nà wà láàárín ká de ọmọ mọ́lẹ̀ àti ká tú u sílẹ̀ sínú ayé. Tom Jackson ò kọ orin fún ọmọ rẹ̀, kò sì bá a yan ohùn. Ó wa ọkọ̀ fún un. Nellie ò gun ìtàgé, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọmọ níbikíbi tó bá dúró. Ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ ń ná ènìyàn ní nǹkan. Ó ná Tom ní iṣẹ́ rẹ̀, ó ná Nellie ní oorun rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wa ló lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé ọmọ, àmọ́ kò sí ẹni tí kò lè jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń kọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fi orin rẹ̀ han àwọn ọmọ nílé, ẹ fi I Gotta Know bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí orin náà kúrò ní jẹ́jẹ́ tó bọ́ sí wéréwéré. Ibi tó ti ń yí padà yẹn gan-an ni ọmọ olórin country ti ń di ọbabìnrin rockabilly, etí wọn á sì gbọ́ ọ.